Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun Lára Ògiri Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba: Ohun Tí Ìtàn Kọ́ Wa

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó fi kálàmù kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìmọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Kí oṣù alápọ̀n-ọ́nlé yìí tó wọlé, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Wọ́n ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ. Wọ́n fẹ́ tẹ Ayatul-Kursiyyu àti àwọn àdúà díẹ̀ sórí páálí dáradára, kí wọ́n fi gíláàsì bò ó, kí wọ́n sì gbé e kọ́ sínú gbogbo kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí àwọn ọmọ wa ń lọ ní Kàdúná yìí. Wọ́n ní kí n ṣe àdúà sí i. Mo mọ̀ pé èrò rere ni ó gbé wọn dìde. Síbẹ̀ n kò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ èsì mi sínú ìwé wáàsí ọdún yìí, kí gbogbo ìjọ lè gbọ́ ọ pa pọ̀. Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, mo bẹ̀ ọ́, kà á dé òpin kí o tó dájọ́.

1. Wàláà àti ògiri

Ní nǹkan bí ọdún 1967, bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni, nítorí òun nìkan ni ẹsẹ̀ wa lè rìn dé. Lókè pátákó ìkọ̀wé, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ẹsẹ Bíbélì kan sí ara ògiri. Ẹnikẹ́ni kò nà mí kí n tó kà á, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sábẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí tíṣà kọ fún mi sínú rẹ́jísítà kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ mí ní ọjọ́ kẹjọ. Tíṣà náà kò kórìíra mi. Ó gbà pé oore ni òun ṣe fún mi.

Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń lọ sí ilé-kéú. Níbẹ̀ ni àfáà ti máa ń kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun sórí wàláà mi pẹ̀lú tàdáà. Bí mo bá ti há a sórí, a ó fọ wàláà náà, a kò sì ní da omi rẹ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí igi, ó wọ inú ọkàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ṣe ń kọ́ ọmọ ní Alukuraani láti ìran dé ìran. Fi ìyàtọ̀ méjì yìí sọ́kàn: ọ̀rọ̀ tí a kọ fún ọmọ láti há sórí nítorí pé òbí rẹ̀ ló mú un wá, àti ọ̀rọ̀ tí a gbé kọ́ sókè orí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò béèrè fún un.

2. Ohun tí ojú àwọn bàbá wa rí

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ìwé dé ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ó bá dé. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì jọ wà lábẹ́ òrùlé kan ni. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni kò jẹ́ kí ọmọ wọn lọ, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ tí ó bá fi Sùlé wọlé yóò fi Samuel jáde. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán, ṣùgbọ́n ó mú kí a pẹ́ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ ìjọba àti òwò ńlá.

Ní Èkó, ìjọba amúnisìn rí ìṣòro yìí. Ní ọdún 1896, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ṣùgbọ́n tí ó bọ̀wọ̀ fún Islam, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣí òmíràn ní Ẹ̀pẹ́ ní 1898 àti ní Àgbádárìgì ní 1899. Níbẹ̀, ọmọ lè kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì láì fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé ẹni tí kò bá kọ́ ilé tirẹ̀ yóò máa gbé abẹ́ òrùlé ẹlòmíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì tẹ̀lé wọn.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Mùsùlùmí ló wọ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, owó ìjọba ni ó ń gbé e ró, ìjọ ni ó sì ń ṣe àkóso rẹ̀. Irú rẹ̀ ni tèmi. Gbogbo ènìyàn ló ń san owó-orí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni ó wà lára ògiri. Bí a bá ń sọ ìtàn yìí, inú wa máa ń bàjẹ́. Ó tọ́ kí ó bàjẹ́. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé ohun tí ó dùn wá ni pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́ sórí àwọn ọmọ tí kì í ṣe tiwọn ni, tàbí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa ni wọ́n gbé kọ́?

3. Ìtàn Kàdúná tiwa

Ní òkè ọya níhìn-ín, ìtàn náà gba ọ̀nà mìíràn. Lugard ti ṣèlérí fún àwọn Émíà pé òun kò ní dí ẹ̀sìn wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ìjọba kò jẹ́ kí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ní àárín ìlú àwọn Mùsùlùmí. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́. Hanns Vischer bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Nassarawa ní Kano ní 1909. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà Rómù kọ èdè Haúsá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà Lárúbáwá, tí à ń pè ní Ájámì, ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Katsina College bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Wọ́n gbé e wá sí Kàdúná ní 1938, wọ́n sì gbé e lọ sí Zaria ní 1949, níbi tí ó ti di Barewa College. Ibẹ̀ ni Ahmadu Bello àti Abubakar Tafawa Balewa ti kàwé, wọ́n sì ń kírun níbẹ̀ láìsí ìdíwọ́.

Kàdúná yìí kò rí bí Kano tàbí Zaria. Ìlú titun ni. Lugard ni ó yan ibẹ̀, wọ́n sì gbé olú ìlú Àríwá wá síbẹ̀ láti Zungeru ní 1917. Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé àwọn bàbá wa dé láti ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ìjọba, òwò, àti ilé-iṣẹ́ aṣọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 sì mú kí púpọ̀ wọn jókòó. Mùsùlùmí wá, Kìrìsìtẹ́nì wá, Haúsá wà, Gbagyi tí ó ni ilẹ̀ wà, àwọn ẹ̀yà gúúsù ìpínlẹ̀ yìí náà wà. Nítorí náà ni ìjọ Kìrìsìtẹ́nì fi rí àyè kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ níhìn-ín.

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ jákèjádò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀. Ní Kàdúná, St. John's College tí àwọn Kátólíìkì dá sílẹ̀ di Rimi College. Queen of Apostles College di Queen Amina College. Ṣé o rí i? Pátákó ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àkọ́kọ́ tí ọmọ ń kà kí ó tó dé kíláàsì. Inú ọ̀pọ̀ nínú wa dùn nígbà náà pé ọmọ wa kò tún ní lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ ìjọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi owó àti òógùn wọn kọ́ ilé náà, ọgbẹ́ ni ó jẹ́ fún wọn. Bí a bá ń sọ ìtàn, kí a sọ apá méjèèjì.

4. Ohun tí èmi fúnra mi ṣe

Ní 1986, mo jẹ́ olùkọ́ èdè Lárúbáwá àti ẹ̀kọ́ Islam ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan níhìn-ín. Mo kọ Súrà kan sórí páálí ńlá pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo sì kàn án mọ́ òkè pátákó ìkọ̀wé. Bí iṣẹ́ mi bá parí, n kì í yọ ọ́. Kíláàsì náà kò sì jẹ́ ti àwọn ọmọ Mùsùlùmí nìkan. Àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ń jáde lọ sí yàrá mìíràn fún ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tiwọn, wọn a sì padà wá jókòó sábẹ́ páálí mi fún ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wá sílé mi. Yorùbá bíi tèmi ni, agbègbè kan náà ni a ti wá, Kìrìsìtẹ́nì ni. Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é, nítorí ó jù mí lọ. Ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì náà.

Ó ní, “Àfáà, ẹ má bínú. Mi ò wá bá yín jà. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé tèmi wá kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́la, ṣé ẹ ó jẹ́ kí ó wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, òkè ọya la wà o.”

Kò fèsì. Ó ní kí n kú alẹ́, ó sì lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1987, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dá ìjà sílẹ̀ ní College of Education ní Kafanchan, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó dé Kàdúná, Zaria, àti àwọn ìlú mìíràn. Wọ́n sun ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sun mọ́sálásí, ẹ̀mí lọ. Nígbà tí ó rọlẹ̀ tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, mo wo páálí mi, mo rántí ẹsẹ tí ó wà lókè orí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo yọ ọ́ fúnra mi, mo ká a, mo gbé e lọ sílé. Mo fẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n náà kí n tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sílé. N kò rí i mọ́ títí di òní.

N kò sọ pé páálí mi ni ó dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé èmi tí wọ́n yí orúkọ mi padà, èmi náà ni mo wá ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn, tí mo sì rò pé oore ni.

5. Ohun tí òfin Nàìjíríà wí

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 10, sọ pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan lé e pé kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí kí ó lọ́wọ́ nínú ìsìn rẹ̀. Abala kan náà sì gbà fún ìjọ ẹ̀sìn láti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀sìn nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ náà nìkan ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Òtítọ́ ni pé òfin yìí kò dárúkọ ògiri. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ hàn: ilé tí ó jẹ́ tìrẹ, ṣe é bí o ṣe fẹ́; ilé tí ó jẹ́ ti gbogbo wa, má sọ ọ́ di tìrẹ.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, “Hìjáàbù ńkọ́? Ṣebí a jà fún un?” Bẹ́ẹ̀ ni, a jà, Ọlọ́hun sì ṣe é ní rere. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo hìjáàbù nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Èkó. Adájọ́ márùn-ún fara mọ́ ọn, méjì kò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n hìjáàbù wà lórí ẹni tí ó yàn án. Ọmọ tí ó jókòó tì í kò wọ̀ ọ́. Ohun tí ó wà lára ògiri, gbogbo kíláàsì ni ó wọ̀ ọ́, ẹni tí ó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

Rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìwó ní 2016. Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun dájọ́ lórí hìjáàbù ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kan wọ aṣọ ìjọ wọn wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní Ìlọrin ní 2021, ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ìdí rẹ̀ ni pé ìjọ sọ pé tiwọn ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn, ìjọba sì sọ pé òun ni ó ń san owó oṣù. Níbi tí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilé kò bá tíì yanjú, ẹni tí ó bá kan ìṣó mọ́ ògiri, ìjà ni ó ń kàn mọ́ ọn.

6. Ohun tí ó ń lọ ní ilẹ̀ òkèèrè

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Kentucky ṣòfin ní 1978 pé kí a gbé Òfin Mẹ́wàá kọ́ sí gbogbo kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Owó ọrẹ ni wọ́n ní kí a fi rà á, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ń dá owó jọ yìí. Ní 1980, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní ilẹ̀ náà wọ́gi lé e. Ní 2024, ìpínlẹ̀ Louisiana tún ṣe irú òfin náà, ọ̀rọ̀ sì tún di ti ilé ẹjọ́. Nínú àwọn òbí tí ó pe ẹjọ́, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀. Ànábì Musa ni a sọ òfin náà kalẹ̀ fún, a sì gbà á gbọ́. Síbẹ̀, àwọn Yahúdì, Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì kò ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà bákan náà. Bí ìjọba bá gbé ọ̀kan kọ́, ó ti dájọ́ láàárín wọn láìmọ̀.

Ní Jámánì, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ní 1995 pé òfin Bavaria tí ó fi dandan lé àgbélébùú nínú kíláàsì kò bá òfin ilẹ̀ náà mu. N kò ní fi apá kejì pamọ́ fún ọ. Ní 2011, ilé ẹjọ́ Yúróòpù lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn gba Ítálì láàyè láti fi àgbélébùú sílẹ̀ nínú kíláàsì. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn adájọ́ wò ni pé ilé-ẹ̀kọ́ Ítálì kò dí ọmọ Mùsùlùmí lọ́wọ́ hìjáàbù, àti pé wọ́n máa ń ṣe àjọyọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin Ràmàdáánì níbẹ̀. Níbi tí ọkàn bá ti balẹ̀ tí àyè sì gba gbogbo ènìyàn, àmì kan lára ògiri kì í wúwo púpọ̀. Ìwọ tí o mọ ohun tí Kàdúná rí ní 2000 àti 2002, tí o mọ ìdí tí àwọn kan fi kó kọjá odò lọ sí apá kan, tí àwọn kan sì kó wá sí apá kejì, sọ fún mi: ṣé ọkàn wa ti balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

7. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa sọ

Jẹ́ kí a wá wo inú ìwé tiwa. Imam an-Nawawi, tí ó kú ní 1277, kọ̀wé nínú At-Tibyan pé àwọn onímọ̀ òun kò fẹ́ kí a máa kọ Alukuraani àti orúkọ Ọlọ́hun sí ara ògiri. Al-Qurtubi náà, tí ó kú ní 1273, kà á mọ́ àpọ́nlé Alukuraani pé kí a má kọ ọ́ sí ara ògiri. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Wo kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba: fèrèsé ti já, òrùlé ń jò, eruku ọyẹ́ ń wọlé, ọmọ ń ju bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ọdún kan, níbo ni Ayatul-Kursiyyu náà yóò wà? Ta ni yóò gbá a pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí?

Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Súrà Baqarah pé kò sí ìjẹnípá nínú ẹ̀sìn. Nínú Súrà An'aam, ó kọ̀ fún wa láti bú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń pè, kí wọ́n má baà bú Ọlọ́hun láìmọ̀kan. Wo ọgbọ́n yìí: Ọlọ́hun ní kí a ro ohun tí ìṣe wa yóò mú kí ẹlòmíràn ṣe. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun lọ sí ibi tí ìbínú yóò ti já a lulẹ̀, òun náà pín nínú àbùkù rẹ̀.

Àwọn òpìtàn sì ròyìn pé nígbà tí Sayyidina Umar wọ Jerúsálẹ́mù, àkókò ìrun tó nígbà tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn. Wọ́n ní kí ó kírun níbẹ̀. Ó kọ̀, ó jáde, ó sì kírun ní ìta, nítorí ó bẹ̀rù pé àwọn Mùsùlùmí tí yóò wá lẹ́yìn òun yóò fi ìrun náà gba ilé náà lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni agbára wà lọ́jọ́ náà o. Kò sọ pé, “Tiwa ni ìlú yìí báyìí.” Èmi ni mo sọ irú rẹ̀ ní 1986.

8. Kí ni kí a ṣe?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, owó tí ẹ dá kò ní ṣòfò, ẹ̀san yín kò sì ní dínkù. Ìmọ̀ràn mi rèé:

Èkíní, ẹ lọ béèrè ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó sún mọ́ wa: ṣé olùkọ́ ẹ̀kọ́ Islam wà níbẹ̀? Níbi tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí a fi owó yìí ran olùkọ́ kan lọ́wọ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ kan tí ń bẹ láàyè sàn ju ogójì páálí lọ.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a tún ilé-kéú ẹgbẹ́ wa ṣe. Níbẹ̀, ẹ kọ ohun tí ó bá wù yín sórí wàláà, kí ọmọ há a sórí kí ó tó fọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta, ìwọ òbí, lọ wo rẹ́jísítà ọmọ rẹ. Rí i pé orúkọ tí o sọ ọ́ ni ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi ipá mú un lọ́wọ́ nínú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, fi ìwé òfin sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Bí o bá sì gbọ́ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Kìrìsìtẹ́nì aládùúgbò rẹ, sọ̀rọ̀ fún òun náà. Ẹ̀tọ́ tí a kò bá lè bá ẹlòmíràn gbà, kò ní pẹ́ lọ́wọ́ tiwa náà.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó, yóò yó. Àìsí lára ògiri kò ní kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun má wọ ọkàn ọmọ wa, bí a bá gbìn ín sílé. Èmi fúnra mi jẹ́rìí sí i: ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sábẹ́ ẹsẹ ẹlòmíràn, wàláà ìrọ̀lẹ́ ni ó kù lọ́kàn mi.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa àti ìrun wa. Kí ó fi ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní jíǹkí àwọn ọmọ wa. Kí ó dárí àṣìṣe wa jì wá, èyí tí a ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ àti èyí tí a rò pé oore ni. Ẹ̀gbọ́n mi náà, níbikíbi tí ó bá wà, kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ó gbọ́ pé mo yọ páálí náà. Kí Ó fún ìlú Kàdúná ní àlàáfíà tí kò ní bàjẹ́. Àmín, yaa Rabbal-aalamiin.